Àmúlùmálà Ejò: Ó Tọ́ Ni, Tàbí Kò Tọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ tuurutu bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró dè wọ́n lọ́nà. Ìṣọ̀kan ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ mìíràn tún fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti ṣàkíyèsí pé oríṣi ejò kan kì í bá oríṣi mìíràn rìn. Kò lè wá sí i lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ènìyàn yóò kó ejò méjì tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà sínú àgò kan, tí yóò sì jókòó tì wọ́n, tí yóò máa retí kí wọ́n bímọ. Ọjọ́ náà ti dé tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn kan nínú àwọn tí ń sin ejò ti ń ṣe é láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn sì ń bá wọn jà sí i. Ejò ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ìjà náà dá lé lórí.

Kí a tó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀yà jẹ́. Ẹranko méjì jẹ́ ẹ̀yà kan náà bí wọ́n bá ń gun ara wọn nínú igbó láìsí ẹni tí ó fi ipá mú wọn, tí ọmọ tí wọ́n bí náà sì ń bímọ. Ìtumọ̀ yìí kò dí gbogbo ihò, ṣùgbọ́n ó tó fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ Oǹdó tí ó ń gbin kòkó tí wọ́n ti da Amelonado pọ̀ mọ́ ti Amazon kò gbin àmúlùmálà ẹ̀yà. Kòkó ni àwọn méjèèjì. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ Oǹdó fi ọmọ Àkúrẹ́ ṣaya. Ti ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó yàtọ̀. Bí a bá da àwọn méjì wọ̀nyí pọ̀, ìbaaka ni a ó rí. Ìbaaka lágbára, ó sì ń fara da ìyà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ó tó bímọ. Àwọn fọ́nrán tí ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ jẹ́ 64 nínú ara ẹṣin, wọ́n jẹ́ 62 nínú ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. 63 ni ó wá kan ìbaaka, iye tí kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba nígbà tí ara bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀. Nítorí náà, ìdàpọ̀ tí ó mú ìbaaka wá kì í kọjá orí ìbaaka fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti kú, ọ̀rọ̀ parí.

Ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a rí nípa dída ẹ̀yà ejò pọ̀ ni wọ́n ń bímọ, tí àwọn ọmọ wọn náà tún ń bímọ. Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò ìjà náà wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti da ejò tí wọ́n ń pè ní corn snake pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní kingsnake, bẹ́ẹ̀ ni kingsnake yìí jẹ́ ejò tí í pa ejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Ọkọ ìyàwó lè di oúnjẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Síbẹ̀ wọ́n rí ọmọ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì yàgàn.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti òjòlá kékeré kan tí ó wà láti Senegal títí dé Uganda, tí kì í sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, a ká jọ, a fi orí pamọ́ sí àárín, a sì dà bíi bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní ball python. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, ẹni ọ̀wọ̀ ni. Ilé òrìṣà rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, bí ó bá sì wọ ilé ẹnìkan, ńṣe ni wọ́n ń rọra gbé e padà sí ilé rẹ̀. Ejò tí a ń bọ níhìn-ín yìí kan náà ni wọ́n ń kó láti Togo, Benin àti Ghana lọ sí òkè òkun lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún fún àwọn tí ń fi í ṣe ẹran ilé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1973 lórí òwò ẹranko igbó, èyí tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1974, kò ka òwò náà léèwọ̀. Ìwé àṣẹ ni ó ní kí wọ́n máa gbà. Nígbà tí òjòlá kékeré yìí dé ọ̀hún, àwọn kan dà á pọ̀ mọ́ òjòlá ilẹ̀ Burma, tí ó lè gùn ju mítà 5 lọ. Àwọn mìíràn dà á pọ̀ mọ́ òjòlá Australia, ilẹ̀ tí òkun ti là kúrò lára tiwa kí ọmọ ènìyàn tó wà láyé. Ẹyin pa, ọmọ jáde.

Kí ni àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọn ń sọ? Wọ́n ní ọmọ ènìyàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa da ẹranko pọ̀, ìbaaka sì ti ru ẹrù fún àwọn baba ńlá wa. Wọ́n ní bí ẹ̀yà méjì bá lè bímọ pọ̀, ó ń kọ́ onímọ̀ ní bí wọ́n ti súnmọ́ ara wọn tó. Wọ́n tún sọ nípa àwọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ni ó ń mú owó wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọn kì í fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lágbára jù lẹ́nu wọn ni pé inú igbó fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Wọ́n kò purọ́. Ní 1976, Broadley àti Parker kọ̀wé nípa àdàlú tí a rí nínú igbó ilẹ̀ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà, láàrin Bitis gabonica àti Bitis arietans. Nínú ìdílé tí Yorùbá ń pè ní ọká àti paramọ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn tí òwe tò ṣáájú, tí ó ní wọn kì í rìn pọ̀, ni wọ́n lọ bá ara wọn lò pọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí yìí dára, ṣùgbọ́n kò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú igbó, ọmọ àdàlú gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, kí ó bọ́ lọ́wọ́ àṣá, kí ó sì rí èyí tí yóò gbà á ní ẹlẹgbẹ́. Púpọ̀ kì í lè ṣe é. Nínú àgò, ẹni tí ń sìn ín ni ó ń bọ́ ọ, òun náà ni ó sì ń yan ẹni tí yóò gùn ún. Èyí tí igbó ì bá ti mú kúrò ni owó ń dá sí.

Àwọn tí wọ́n lòdì sí i kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Wọ́n ń tọ́ka sí ewu tí ó wà nínú kíkó ejò kékeré ti ejò ńlá, àti sí àwọn ọmọ tí í jáde pẹ̀lú àbùkù ara. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò ya àmúlùmálà sọ́tọ̀ tó, nítorí pé wíwá àwọ̀ nìkan ti mú àbùkù wá láàrin òjòlá kékeré tí a kò tilẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà mìíràn. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní spider, tí àwọ̀ rẹ̀ wu ni púpọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń mì, kò sì lè dúró ṣinṣin.

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ni ti orúkọ. Ọmọ àkọ́bí tí ẹ̀yà méjì bí máa ń fi ara hàn. Ẹni tí ó bá mọ ejò yóò rí i pé ọwọ́ méjì ni ó dá a. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fún un ní akọ láti ìdílé ìyá rẹ̀, tí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ìran kẹta tàbí ìkẹrin yóò jọ ìyá ńlá wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà sì jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n jíjọ kò sọ èèpo ẹ̀pà di pósí. Láàrin àwọn Yorùbá, oríkì orílẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá sọ ọ́. Ejò kò ní oríkì. Ìwé tí ẹni tí ń sìn ín bá kọ ni oríkì rẹ̀. Bí wọ́n bá tà á láìsí ìwé, tí ẹni tí ó rà á tún tà á, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́ pé ohun tí òun ń pè ní òjòlá Burma ní òjòlá mìíràn nínú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tọ́jú ẹ̀yà kan kí ó má bàa run, kí ó lè dá a padà sí igbó lọ́jọ́ iwájú, ti pàdánù láìmọ̀.

Ọ̀ràn yìí kò dúró nínú àgò. Òjòlá Burma tí wọ́n kó wá tà ní Amẹ́ríkà bọ́ sínú àbàtà ńlá Everglades ní Florida, wọ́n sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀ láti ọdún púpọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde àyẹ̀wò nǹkan bí 400 nínú wọn jáde. Nínú 13, wọ́n rí àmì òjòlá India, ẹ̀yà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ejò kan náà ni gbogbo ayé ti ń pè wọ́n. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pàápàá, àwọn olùṣèwádìí ti kọminú nípa òjòlá kékeré Togo tí àwọn oníṣòwò mú lóyún láti inú igbó, tí wọ́n gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà sí igbó tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti mú un.

Bí ejò bá wá jẹ́ olóró, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ nínú oko kòkó kò bìkítà fún àwọ̀. Oògùn tí a fi ń pa oró ejò, ara ẹṣin ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: wọn a gún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti ń bá a jà. Èyí tí ilé iṣẹ́ Clodomiro Picado ní Costa Rica ń ṣe fún Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EchiTAb-Plus-ICP, oró ejò mẹ́ta ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe é. Oró tí ẹṣin kò mọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má lè bá a jà. Ọmọ tí olóró méjì bí lè jogún láti ọwọ́ baba àti ìyá, ẹni tí ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹwà ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ dókítà lójú. Ojú ẹ̀rín kọ́ ni ó yẹ kí a fi wo ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà jìn. Ta ni ó ń kó ejò sí àgò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó fún àwọ̀? Òjòlá tí àgbẹ̀ ìhín bá bá pàdé, ìkòkò ọbẹ̀ ni ó sábà ń bá lọ. Ṣùgbọ́n àmúlùmálà ẹ̀yà wà nítòsí wa, nínú adágún ẹja. Ẹja àrọ̀ méjì ni wọ́n ń dà pọ̀. Èkínní ni Clarias gariepinus, tí ara rẹ̀ le, tí í tètè gbó. Èkejì ni Heterobranchus longifilis, tí í tóbi jù ú lọ. Wọn a gún abo ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹyin gbó, wọn a fún ẹyin jáde lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, wọn a pa akọ kí wọ́n lè mú àtọ̀ rẹ̀, wọn a sì pò wọ́n pọ̀ nínú abọ́. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹja ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981 wà lára àwọn tí wọ́n ti ṣèwádìí lórí ọmọ wọn, tí a ń pè ní Heteroclarias.

Ète ibi kì í ṣe ẹwà. Oúnjẹ ni, owó ilé ìwé ọmọ sì ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ojú tí a fi wo oníṣòwò ejò aláràbarà wo àgbẹ̀ ẹja. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni a ó bi àwọn méjèèjì, nítorí pé ẹja yìí kì í ṣe ìbaaka. Ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n lè bímọ. Àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kan náà ni àwọn ará Thailand kó lọ, tí wọ́n da akọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ abo àrọ̀ ilẹ̀ tiwọn. Àdàlú náà gba gbogbo ọjà. Nígbà tí ó di 2004, àwọn onímọ̀ kọ̀wé pé àwọn ti rí àbùdá àrọ̀ Áfíríkà nínú àrọ̀ ìbílẹ̀ tí ó wà nínú odò wọn. Bí òjò bá sì rọ̀ lórí Àkúrẹ́, tí odò Àlà kún bo bèbè, adágún tí kò ní àwọ̀n lẹ́nu ibi tí omi ń gbà jáde kò lè dá ẹja dúró. Bákan náà ni ti odò Ọ̀wẹnà, tí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó gbà kọjá.

Àwọ̀n náà kò wọ́n. Ìwé tí ó yẹ kí ó máa bá ọmọ ẹja rìn kò sì ju ìlà méjì lọ: irú ẹja tí ìyá jẹ́, tí a ń kọ ṣáájú, àti irú èyí tí baba jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọmọ ẹja tí ó fẹ́ fi ṣe ìyá fún òmíràn lọ́la lè béèrè méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí ó sì yí ẹja tí ó ti dàgbà wò lẹ́yìn. Clarias kò ní lẹbẹ ọ̀rá lẹ́yìn lẹbẹ gígùn rẹ̀. Heterobranchus ní in, ó sì tóbi. Lára Heteroclarias, kékeré ni ó máa ń jẹ́.