Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní síkì ní Nọ́wè

Àwọn ará Nọ́wè máa ń sọ pé tòun ti síkì lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bí ọmọ àwọn. Àwàdà ni o. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 3 tàbí 4.

Síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Àgbàlagbà a tún mú ọ̀pá méjì dání, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè fún ọmọdé ní ọ̀pá. Tó bá ti rí i, ọwọ́ ni yóò gbára lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ibi tó tẹ́jú ni wọ́n á kó wọn lọ, kí wọ́n máa lé ara wọn kiri, kí wọ́n ṣubú, kí wọ́n dìde. Dídìde yẹn gan-an lẹ̀kọ́.

Ti ìdíje ló máa ya òbí Nàìjíríà lẹ́nu jù. Òfin àjọ eré ìdárayá ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n máa to àwọn ọmọ ní ipò kìíní, ipò kejì, àfi láti ọdún tí wọ́n bá máa pé 11. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí orílẹ̀-èdè tó gba àmì ẹ̀yẹ tó Nọ́wè nínú ìdíje Olympics ìgbà òtútù.