Sátífíkéètì ìgbéyàwó yín sọnù, ọjọ́ físà sì ń bọ̀? Ẹ má tíì sunkún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù mi fi dún. Ìyàwó àbúrò mi ni. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbà mí o. Mi ò rí sátífíkéètì ìgbéyàwó wa mọ́." Ọkọ rẹ̀ ti di ọmọ ìlú ní Amẹ́ríkà, ó ti fi fọ́ọ̀mù I-130 bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ní Victoria Island nìkan ló kù, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ló wà láàárín. Ìgbà tó ń kó ẹrù láti Ìbàdàn bọ̀ ní Èkó ni fáìlì náà pòórà.

Kó tó pè mí, àwọn ọ̀rẹ́ ti gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀kan ní kó jẹ́ kí wọ́n bá a "ṣe" òmíràn, irú iṣẹ́ Olúwọlé yẹn. Èkejì ní kí ọkọ rẹ̀ wálé, kí wọ́n sáré lọ fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìtìrì lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní háà! Ayédèrú ìwé lè sọ èèyàn di ẹni tí Amẹ́ríkà ò ní fún ní físà mọ́ láyé, kódà kí ìgbéyàwó náà jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ìgbéyàwó tuntun ńkọ́? Ẹ rò ó wò: I-130 sọ pé tọkọtaya ni yín lọ́jọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́. Bí déètì orí sátífíkéètì bá wá jẹ́ ti oṣù tó kọjá, ìyàwó wo lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà yẹn?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé sátífíkéètì yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ní kí wọ́n kọ. Wọ́n á fún yín ní ọ̀kan, èkejì á wà lọ́dọ̀ rẹ́jísírà. Ọ̀kan sọnù, ọ̀kan wà nílé.

Nítorí náà, nọ́ńbà ẹ̀ la kọ́kọ́ wá. Ọwọ́ àbúrò mi la ti rí i, torí ó ti fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ I-130 látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀: nọ́ńbà, déètì, orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà la lọ búra ní kóòtù gíga pé ìwé sọnù, a gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, a kọ lẹ́tà, ó di Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n ti so yín pọ̀ lẹ máa lọ o, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ tó sún mọ́ ilé yín. CTC lẹ máa bèèrè, ìyẹn ẹ̀dà tí rẹ́jísírà fọwọ́ sí, tó lu òǹtẹ̀, tó sì jẹ́rìí pé ó bá ti ọwọ́ àwọn mu. Òfin ka ẹ̀dà yìí sí ẹ̀rí ìgbéyàwó, àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì ń gbà á. Fọ́tòkọ́pì tí lọ́yà àdúgbò lu òǹtẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀.

Àṣé wàhálà ṣì wà níwájú. Akọ̀wé ibẹ̀ ṣí ìwé ńlá, ó tú u títí, kò rí orúkọ wọn. Ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní ibo lẹ ti ṣe é gan-an? Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ibẹ̀ ni mo ti fura. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó gba láísẹ́ǹsì ìgbéyàwó, ẹni tó so yín pọ̀ ló yẹ kó fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ sí rẹ́jísírà láàárín ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá náà: bí a bá ti jẹ ìrẹsì tán, ta ló ń rántí ìwé?

A gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Sẹ́kítírì tú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìwé tí wọ́n fi ń kọ sátífíkéètì jáde. Ẹ̀dà kejì ṣì lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ gbọnin-gbọnin láti 2019! Inú bí mi, inú mi tún dùn. Pásítọ̀ kọ lẹ́tà àlàyé, wọ́n fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́, rẹ́jísírà fi í sínú ìwé, ó sì fún wa ní CTC. Ọjọ́ 11 ló gbà wá, àwa tí à ń lọ jókòó tì wọ́n.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì yín ò bá ní láísẹ́ǹsì, ìwé ìbùkún lásán ni wọ́n fún yín. Rẹ́jísìtìrì tí ẹ ti fọwọ́ síwèé ni kí ẹ padà sí.

Tí ọjọ́ bá pé tí CTC ò tíì jáde, ẹ lè ní kí wọ́n sún déètì síwájú. Bí ẹ bá lọ láìmú un dání, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní ìwé 221(g): físà ò tíì jáde, ẹ lọ mú ohun tó kù wá. Ọdún kan lẹ ní láti mú un wá.

CTC méjì la gbà. Ó mú ọ̀kan lọ sí Victoria Island. Èkejì wà nínú àpótí mi, ọkọ rẹ̀ ló ní òun ò gbẹ́kẹ̀ lé kíkó ẹrù mọ́.