Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí dúróònù fi ń ṣẹ́rí padà fúnra rẹ̀?

Ẹ ti lè rí i níbi ìnáwó ní Ìkòtún: òde ń gbóná lọ́wọ́, dúróònù oníyàwòrán kàn kẹ̀yìn sí ìyàwó, ó forí lé ibi tó ti gbéra. Kò bàjẹ́ o. Bátìrì ló ń lọ sílẹ̀.

Kó tó gbéra, GPS rẹ̀ ti sàmì síbi tó wà. Bó ṣe ń fò ló ń ṣírò iye iná tó máa gbé e padà. Tí iná bá kù ìwọ̀nba ìyẹn, dúróònù iléeṣẹ́ DJI á ka ìṣẹ́jú àáyá 10 lójú fóònù, á sì yí padà. Ẹ lè dá a dúró, ṣùgbọ́n tí iná bá fẹ́ tán pátápátá, ibi tó bá wà náà ló máa bà sí, ì báà ṣe orí páànù onípáànù.

Ìṣẹ́jú 31 tí wọ́n kọ pé Mini 2, ọ̀kan lára dúróònù DJI, lè fi fò, níbi tí kò sí atẹ́gùn ni. Tó bá ń dojú kọ atẹ́gùn bọ̀, ó máa jẹ iná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó burú jù: Mini 2 kò ní ojú tó ń rí ohun tó wà níwájú. Torí náà, ẹ jẹ́ kí gíga ìpadàbọ̀ rẹ̀ ju òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín lọ. Ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè, ná. Ẹ rántí pé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí Ìkòtún.