Ẹni Tí Ó Bá Fẹ́ Wọ Ilé Aṣòfin, Kí Ó Mọ Bí Wọ́n Ti Ń Sọ̀rọ̀ Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kì í jẹ́ kí ó sinmi. Bí ẹ bá dúró ní ìrọ̀lẹ́ létí ọ̀nà tí ó ti LASU wá sí Ìṣẹ̀rí, tàbí tí ẹ jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún fóònù ṣe, ẹ óò gbọ́ ọ: àwọn àgbà ti jókòó sórí àga, wọn kò sì fẹ́ dìde. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, nítorí náà n a máa rọra bá ọ̀nà mi lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ó jáde ní yunifásítì, tí ó sì ń ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn báyìí, dá mi dúró. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lè dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ilẹ̀ yìí?” Mo ní ó lè dé ibẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni ó mú mi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín padà sí ọdún 1953. Ọ̀gbẹ́ni Anthony Enahoro, ọmọ Ùròmì, ti di olóòtú ìwé ìròyìn nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ogún ọdún. Ní ọjọ́ 31 oṣù March ọdún náà, nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó dìde ní Ilé Aṣòfin ní Èkó lórúkọ ẹgbẹ́ Action Group, ó sì dá àbá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Kò ju òkò, kò sun táyà. Àbá ni ó dá, ó sì kọ ọ́ bí òfin Ilé ti wí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé. Sàdáúnà Sókótó, Alhaji Ahmadu Bello, dìde, ó dá àbá àtúnṣe pé kí wọ́n yọ 1956 kúrò, kí wọ́n fi “ní kété tí ó bá ti ṣeé ṣe” dípò rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n náà: kò sọ pé òun kò fẹ́ òmìnira, ọjọ́ nìkan ni ó fẹ́ kí wọ́n mú kúrò. Lẹ́yìn èyí ni aṣojú Òkè Ọya mìíràn dá àbá pé kí wọ́n dá ìjíròrò náà dúró. Irú àbá bẹ́ẹ̀ a máa gba iwájú èyí tí ó wà nílẹ̀. Bí ó bá sì yege, ọ̀rọ̀ ti parí fún ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní í dìbò lórí ohun tí a bá wá. Àwọn Òkè Ọya nìkan tó ìdajì àwọn tí a dìbò yàn sínú Ilé nígbà náà. Àwọn ará Action Group àti NCNC rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, wọ́n dìde, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn mínísítà mẹ́rin láti inú Action Group fi ipò sílẹ̀, Ọọ̀ni Adérẹ̀mí àti Olóyè Bọ́dé Thomas sì wà nínú wọn.

Bí a bá wò ó lójú ọjọ́ náà, Enahoro pàdánù. Ṣùgbọ́n ọdún náà kò parí tí wọ́n fi pe gbogbo wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe. Ní ọjọ́ 8 oṣù August 1957 Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara wọn, ní 1960 gbogbo ilẹ̀ gba òmìnira. Gbogbo ènìyàn ni ó ń yin àbá Enahoro. Ní tèmi, àbá ìdádúró yẹn ni mo máa ń fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sọ̀rọ̀ dáadáa títí, wọn yóò sì pa ilé mọ́ ọn lẹ́nu.

Àwọn tí kò ní sùúrù fún ìlànà náà wà. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 25 oṣù May 1962, wọ́n ju àga nínú Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, a kò sì ní Ilé kankan fún oṣù mẹ́fà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí ti àkókò wa. Ọ̀gbẹ́ni Tony Nwulu jẹ́ aṣojú Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì ní Àbújá láti 2015 sí 2019. Ọmọ Ìgbò ni, àwa ará Èkó ni a sì dìbò fún un. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa, ẹ kàn gba Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́ kọjá ni. Ní 2016 ó gbé àbádòfin kan wá pé kí wọ́n dín iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kí ó tó dupò kù. Sẹ́nétọ̀ AbdulAziz Nyako gbé irú rẹ̀ wá sí Ilé Àgbà, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ YIAGA kó jọ sì ń ti wọ́n lẹ́yìn káàkiri.

Kì í ṣe ohun kékeré láti yí ìwé òfin ilẹ̀ wa padà. Kíkà mẹ́ta ni ti àbádòfin gbogbo: ní àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọn óò kà, ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn óò jíròrò bóyá ó dára, yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n fún ìwé òfin ilẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Ilé méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn èyí, ó kéré tán, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ilé méjèèjì fọwọ́ sí i ní oṣù July 2017, àwọn ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e, Ààrẹ Buhari sì bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù May 2018. Ààrẹ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà pé kí àwọn ọ̀dọ́ jọ̀wọ́ dúró kí ìbò 2019 kọjá ná.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ilé aṣojú-ṣòfin, ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀, ó di 25. Ti Ààrẹ sọ̀ kalẹ̀ láti 40 sí 35. Ṣùgbọ́n ti Gómìnà àti ti Sẹ́nétọ̀ dúró sí 35, nítorí pé àwọn ìpín yẹn kò rí ọ̀nà gbà kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀ ọdún kan náà ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ àti lọ́wọ́ Gómìnà! Ohun tí Ilé bá gé ni a máa ń jẹ, kì í ṣe ohun tí a sè.

Ǹjẹ́ òfin náà so èso? Ó so. Ní 2023 àwọn ará Kwara dìbò yan Rukayat Shittu, ọmọ ọdún 26, sí ilé aṣòfin wọn. Lábẹ́ òfin àtijọ́ kò bá má lè gba fọ́ọ̀mù pàápàá. Ní Ọ̀yọ́, Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ Ògúndóyìn di Abẹnugan ní 2019 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 32. Ọdún kan péré ni ó ti lò nínú Ilé ṣáájú èyí.

Síbẹ̀ ẹ̀rín ọmọ oní-POS yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Fún ìbò 2023, mílíọ̀nù 2 náírà ni ẹgbẹ́ APC kọ sórí fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, mílíọ̀nù 10 sórí ti ilé aṣojú-ṣòfin. Owó oṣù tí ó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ẹni tí ó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, yóò fi owó iṣẹ́ ọdún márùn-ún ààbọ̀ ra fọ́ọ̀mù kékeré náà. Bí wọ́n tilẹ̀ dín in kù sí ìdajì fún ọ̀dọ́, ó ṣì lé ní ọdún méjì ààbọ̀. Kò sì sí ẹni tí ó lè díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ṣí ilẹ̀kùn, owó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìlànà náà kò yọ àwọn àgbà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù January 2025, àwọn aṣòfin Èkó yọ Abẹnugan Mudashiru Ọbasá nípò nígbà tí kò sí nílé, wọ́n sì fi Arábìnrin Mojísọ́lá Meranda rọ́pò rẹ̀. Wọ́n pọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò bùṣe. Ní oṣù March Meranda fi ipò sílẹ̀, Ọbasá padà. Nígbà tí ó di April, ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dájọ́ pé ìjókòó ọjọ́ náà kò bá òfin mu. Ohun tí ilé-ẹjọ́ wò ni bí wọ́n ti pe ìjókòó, kì í ṣe iye ọwọ́ tí ó nà sókè nìkan.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Ìṣẹ̀rí mọ̀ pé kò pọn dandan kí wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì Àbújá kí wọ́n tó lè tẹ̀ lé irú nǹkan wọ̀nyí. Abala 97 nínú ìwé òfin 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì, Ilé ti Èkó sì ti lo àyè náà, wọ́n ti fi Yorùbá jíròrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí jù ni iye àga wa. Àwọn aṣojú-ṣòfin 360 ni ó wà ní Àbújá, Èkó ní 24. Súrùlérè ní méjì, Mushin ní méjì, Erékùṣù Èkó ní méjì. Alimọṣọ, tí ìkànìyàn 2006 ti ka àwọn ará ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìpájà, ẹyọ kan ni. Bí ọmọ ọdún 25 bá tilẹ̀ rí owó fọ́ọ̀mù, àga kan ṣoṣo ni òun àti gbogbo àgbà agbègbè wa yóò jọ máa fà. Abala 73 pàṣẹ pé kí àjọ elétò ìdìbò máa tún ààlà ẹkùn ìdìbò yẹ̀ wò lẹ́yìn àkókò tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n 1996 ni wọ́n ti pín èyí tí a fi dìbò ní 2023. Àtúnpín kò sì lè múlẹ̀ láìjẹ́ pé Ilé méjèèjì ní Àbújá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé ọkọ̀ agbóhùnsókè wá sí Ìṣẹ̀rí, tí wọ́n ń pín fìlà àti ìrẹsì, kí ọ̀dọ́ kan dìde bi ẹni tí ó wá tọrọ ìbò bóyá yóò dá àbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti ọjọ́ wo.