Fífá Ara ní Ilẹ̀ Ṣáínà àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Bí àlejò bá rí ẹ̀yìn àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Ṣáínà tí ó pọ́n ní ìlà-ìlà láti ọrùn dé ìbàdí, ó lè rò pé pàṣán ni wọ́n fi nà án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará ilé rẹ̀ ni ó fi òróró pa á lẹ́yìn, tí ó sì mú ṣíbí tánganran tàbí ìwo ẹfọ̀n tí a gbẹ́ pẹlẹbẹ, tí ó fi ń fá a láti òkè wá sísàlẹ̀ títí awọ fi pọ́n. *Gua sha* ni wọ́n ń pè é. *Gua* ni fífá. *Sha* ni orúkọ pípọ́n náà, òun kan náà sì ni orúkọ àìsàn tí wọ́n gbà pé ó há sínú ara. Kò jọ gbẹ́rẹ́ tiwa, nítorí pé abẹ kò kan ara rárá.

Owó ẹyọ ni àwọn ará Vietnam fi ń ṣe tiwọn. Nígbà tí ogun lé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1975, àwọn dókítà ibẹ̀ rí ìlà lára àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì rò pé ìyà ni àwọn òbí fi ń jẹ wọ́n.

Àwọn oníṣègùn Ṣáínà ti ń dán fífá yìí wò fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, gẹ́gẹ́ bí àfikún oògùn, kì í ṣe dípò rẹ̀. Àwọn ìwádìí náà kò tíì fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni orúkọ tí àwa fún àìsàn náà. Ohun tí ó bá ń ru, ìbáà ṣe òkun, ìbáà ṣe inú, a máa ń fura sí i. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń dúró de orí fífọ́ kí wọ́n tó lọ yẹ ara wò. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí kì í sábà pariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ní in ni kò mọ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń tú u fó, bí ó bá ka 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ara tí a fá a máa tuni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tí ara tù lè rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ti rọlẹ̀, kí ó sì pa oògùn tì. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fá òun láìkọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó bá sun sábẹ́ awọ rẹ̀ lè má tètè dá.