Èébú tí Kò Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Ṣú: Ìfòòró Láàrin Akẹ́kọ̀ọ́ àti Àpá tí Ó Ń Dá sí Ọmọ Lára

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ará Ìbàdàn ní àṣẹ láti bú ẹni tí ó bá wù ú láìsí ìjà, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn. A kì í dáná lọ́jọ́ náà, a kì í sì í ná ọjà. Láti Mápó dé Ọjà'ba, láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrunkà, tọmọdé tàgbà a máa fi orin dárúkọ ohun tí ẹnu kì í sọ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí a bú kì í bínú. Ṣùgbọ́n èébú náà ní ààlà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó di ọdún tí ń bọ̀; gbogbo ènìyàn ni a sì jọ ń bú, a kì í ya ẹnì kan sọ́tọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èébú tí kò ní ààlà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dojú rẹ̀ kọ ọmọ kan ṣoṣo, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, fún odidi ọdún mẹ́fà.

Ìfòòró pọ̀ ní oríṣiríṣi. Àwọn àgbà kíláàsì a máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn kéékèèké, wọn a sì máa fi wọ́n ṣe ẹrú. Èyí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan. Èyí tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní ọkùnrin-bí-obìnrin nítorí ohùn rẹ̀ tàbí ìrìn rẹ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ èdè kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí a bá pe ènìyàn ní obìnrin-bí-ọkùnrin, oríyìn ni. Ẹni tí ó bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, mọ̀ pé ẹni tí ó bẹ̀rù rẹ̀ pàápàá kò lè ṣe kí ó má pè é bẹ́ẹ̀. Yí ọ̀rọ̀ kan náà padà, ó di èébú. Àwọn kan a sì máa sáré sọ pé àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi í rẹ́rìn-ín bí òrìṣà bá gùn ún. Àṣà Yorùbá gbòòrò ju bí a ti ń sọ ọ́ ní yàrá olùkọ́ lọ.

Láti ìgbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ti bu ọwọ́ lu òfin tí ó de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, ẹ̀rù ń ba olùkọ́ láti gbèjà irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà ní ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Síbẹ̀, òfin náà kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa na akẹ́kọ̀ọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, kọ̀ kí a ṣe ọmọ léṣe, ìbáà ṣe lára, ìbáà ṣe lọ́kàn. Kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀.

Ní ìlú Ashland ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ilé-ìwé fi Jamie Nabozny ṣe ẹ̀sín fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Wọ́n tọ̀ sí i lára, wọ́n sì ta á nípàá níkùn títí ó fi di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, wọn kò ṣe nǹkan kan, ó sì sá kúrò láìparí ẹ̀kọ́. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá náà lẹ́bi, owó tí wọ́n san sì lé ní 900,000 dọ́là.

Ní Bìrìtéènì ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní 1958. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 7 àti ọdún 11, a bi àwọn òbí wọn bóyá ẹgbẹ́ wọn ń fòòró wọn. Ryu Takizawa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde ní 2014: ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tí wọ́n fòòró léraléra ṣì ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju ẹgbẹ́ wọn lọ, ìwé wọn kò jìnnà tó ti àwọn yòókù, àwọn tí kò ní olólùfẹ́ sì pọ̀ jù láàrin wọn.

Nínú kíláàsì wa, ìdákẹ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ ti di ẹ̀sín kò ní nawọ́ láti ka ewì. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rín kíláàsì ni kí ó kọ́kọ́ dá dúró, lójú ẹsẹ̀. Kí ó sì ṣọ́ra kí ó tó ròyìn orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ náà fún bàbá rẹ̀, nítorí pẹ̀ṣẹ̀ lè tún wà nílé.

Mo ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ní ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ rárà sun tó o. Lọ́jọ́ kan tí ó gbóhùn sókè, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ ǹlẹ́ o, ìyàwó!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò tún la ẹnu mọ́ títí ó fi jáde.

Lọ́dún tó kọjá, ó kí mi ní Ọjà'ba níbi tí ó ti ń ta aṣọ. Èmi ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Òun rántí fèrèsé tí mo fẹ̀yìn tì. "Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, sà," ó sọ ọ́ láìbínú. Ó wá sọ fún mi pé ọmọ òun fẹ́ wọ ilé-ìwé girama, pé ìrìn bàbá rẹ̀ ni ó ń rìn. Ó ní ilé-ìwé wo ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún òun pé wọn kò ní fi í ṣẹ̀sín. N kò rí èyí tí mo lè dárúkọ.