Tíúbù wo ló bá ọ̀kadà tó ń wọ oko nílẹ̀ Ẹ̀gbá mu?

Ọ̀dà kì í bá ọlọ́kadà dé oko. Ẹni tó gbé èrò ní Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta tó ń lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ lè máa sáré lórí títì, ṣùgbọ́n bó bá ti yà sí abúlé ní Ọ̀dẹ̀dá láti lọ kó ẹ̀gẹ́ tàbí èédú, yangí, gbòǹgbò igi àti ojú àpáta ló kù tí yóò máa gùn. Irú òkúta líle tí àpáta Olúmọ jẹ́ ló tẹ́ lọ lábẹ́ ilẹ̀ náà. Òun ló fà á tí àwọn tó ń fọ́ òkúta tà fi pọ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì ń já bọ́ sójú ọ̀nà láti orí tírélà. Bí táyà bá jò níbẹ̀, ẹrù á dúró, èrò á sọ̀kalẹ̀, fọkanáísà tó sún mọ́ tòsí jù lọ sì lè jìnnà gan-an.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi máa ń béèrè tíúbù tó nípọn jù bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Nọ́ńbà ló ṣáájú, irú rọ́bà ló tẹ̀ lé e, nínípọn ló ṣìkẹta. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò bá sì tó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè gbani.

Kí ni iṣẹ́ tíúbù nínú táyà?

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe rọ́bà. Robert William Thomson, ọmọ Scotland, ló kọ́kọ́ forúkọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ oníafẹ́fẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ní 1845. John Boyd Dunlop tún irú rẹ̀ ṣe ní Belfast ní 1887 fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti tàn káyé. Rímù onísípóòkù, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, ní ihò níbi tí sípóòkù kọ̀ọ̀kan ti wọlé, kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Tíúbù ni àpò tó ń dì í mú.

Rímù tí wọ́n dà lódindi, tí kò ní sípóòkù, máa ń tan èèyàn jẹ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lè ṣe é láìsí tíúbù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: bí wọ́n bá kọ TUBE TYPE síbẹ̀, tíúbù gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ TUBELESS, tí rímù náà sì jẹ́ irú tó bá a mu, kò nílò rẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà

Lára Bajaj Boxer tó gba ìgboro Abẹ́òkúta kan, nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ ni 2.75-17 níwájú àti 3.00-17 lẹ́yìn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní ínṣì, ìkejì ni ìwọ̀n rímù láti etí kan dé ìkejì. Àwọn alùpùpù gíga tí wọ́n ṣe fún igbó máa ń ní irú nọ́ńbà mìíràn, bíi 80/100-21 níwájú àti 100/100-18 lẹ́yìn. 80 ni ìbú ní mìlímítà, 100 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà tó ìbú rẹ̀ gẹ́lẹ́, 21 sì ni ínṣì rímù.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kò ṣe é dúnàádúrà. Tíúbù 17 tí wọ́n fi tipátipá fà sórí rímù 18 á nà, á sì fẹ́lẹ́, ẹ̀gún kékeré á wá rí i gún. Tíúbù 18 nínú rímù 17 á ṣẹ́ po, ibi tó ti ṣẹ́ po á sì máa ra ara rẹ̀ títí á fi ya. Ìbú ló ní àyè díẹ̀: bí wọ́n bá kọ 2.75/3.00-17 sára páálí tíúbù, ó bá táyà méjèèjì mu. Ẹ wo ihò fáàfù lára rímù pẹ̀lú, torí fáàfù tó tínrín nínú ihò tó fẹ̀ á máa mì, ìdí rẹ̀ á sì já.

Rọ́bà igi àbí butyl?

Nàìjíríà ń gbin igi rọ́bà, iléeṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì wà ní Iyanomo nítòsí ìlú Benin. Síbẹ̀, Michelin ti iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, iléeṣẹ́ Dunlop náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òkè òkun, pàápàá China àti Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ tíúbù tó wà lọ́jà ti ń wá, orúkọ ara páálí sì pọ̀ lọ súà. Irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ.

William Sparks àti Robert Thomas, onímọ̀ kẹ́míkà ní Standard Oil, ló ṣe butyl, rọ́bà àtọwọ́dá, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1937. Àwọn èròjà kéékèèké inú rẹ̀ fún mọ́ra débi pé afẹ́fẹ́ kì í tètè rí ọ̀nà gbà jáde: ó ń dì í mú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ju rọ́bà igi lọ. Ó tún ń fara da ooru. Rọ́bà igi ní tirẹ̀ máa ń nà dáadáa, kì í sì í tètè fà ya lẹ́yìn tí ìṣó bá gún un. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ fún igbó, àmọ́ ẹni tó bá lò ó á máa fún un látìgbàdégbà.

Ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn lọ́dọ̀ fọkanáísà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: á fi ayùn ha ojú ihò, á lẹ rọ́bà tútù mọ́ ọn, á fi irin fún un mọ́ abẹ́ písítìnì àlòkù, á bu epo díẹ̀ sínú písítìnì náà, á sì ṣáná sí i. Ooru yẹn ló ń mú kí imí-ọjọ́ inú rọ́bà tútù so àwọn èròjà rọ́bà pọ̀, àrà tí Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà rí ní 1839. Rọ́bà igi máa ń tètè gba ìsopọ̀ yìí. Butyl máa ń pẹ́ kó tó gbà á, torí ibi tí imí-ọjọ́ lè dì mú lára rẹ̀ kò pọ̀. Bí tíúbù yín bá jẹ́ butyl, ẹ sọ fún fọkanáísà, kó lè lo àlẹ̀mọ́ tó bá a mu, kó má sì kánjú gbé e kúrò lórí iná.

Ṣé dandan ni kó nípọn?

Tíúbù lásán máa ń nípọn tó mìlímítà kan sí méjì. Èyí tó le máa ń tó mẹ́ta, èyí tó le jù lọ tó mẹ́rin. Ó máa ń gba ẹ̀gún dúró díẹ̀, òkúta kì í sì í tètè fún un ya. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, ó ṣòroó wọ̀, ó sì ń mú ooru pọ̀ bí ọ̀kadà bá sáré fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń na ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù lójoojúmọ́ kò nílò rẹ̀: tíúbù butyl lásán tó bá nọ́ńbà mu ti tó o. Ẹni tó ń gbé ẹrù láti inú oko Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ìmálà ló yẹ kó náwó lé e, pàápàá fún táyà ẹ̀yìn tí ẹrù wà lórí rẹ̀.

Ihò ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wo èyí tó bàjẹ́ nígbà tí fọkanáísà bá rì í sínú omi, tó sì rí ibi tí omi ti ń hó. Bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan níbi tó kọjú sí ilẹ̀, ìṣó tàbí ẹ̀gún ni. Ẹ wá a nínú táyà kó má baà gún tuntun. Bó bá jẹ́ ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò, afẹ́fẹ́ ni kò tó tí òkúta fi fún tíúbù mọ́ etí rímù. Bó bá jẹ́ apá tó kọjú sí rímù ló lu, rọ́bà tó bo orí sípóòkù ti ṣí tàbí ti gbó. Bó bá ya nídìí fáàfù, afẹ́fẹ́ kéré, táyà ń yọ̀ lórí rímù, ó sì ń wọ́ tíúbù lọ.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ni àìtó afẹ́fẹ́ fà, ẹyọ kan ni rọ́bà rímù tó ti gbó. Tíúbù tó nípọn lè dá ìbàjẹ́ wọn dúró fúngbà díẹ̀, kò lè wò wọ́n sàn.

Afẹ́fẹ́ mélòó?

Àwọn tó ń fi alùpùpù díje nínú igbó máa ń dín afẹ́fẹ́ kù sí bíi PSI 12 sí 15, kí táyà lè rọ̀, kó sì gbá ilẹ̀ mú. Wọ́n lè ṣe é torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló gùn ún, tí irin kan sì di táyà mọ́ rímù kó má baà yọ̀. Nínú ìdíje Dakar, tó máa ń parí sí Senegal kó tó kúrò ní Áfíríkà, àwọn kan kì í lo afẹ́fẹ́ rárá: fóòmù ni wọ́n ń kì sínú táyà.

Ọ̀kadà tó gbé èrò àti àpò gàrí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fún Boxer, nǹkan bíi PSI 25 níwájú, 28 lẹ́yìn fún ẹnì kan, àti 32 bó bá gbé èrò ni. Ẹ wo ìwé tó bá ọ̀kadà tiyín wá. Ẹ fi gééjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, torí ooru máa ń gbé ìwọ̀n náà ga. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi gbá táyà kò lè sọ ìyàtọ̀ 20 sí 28 fún yín.

Bí wọ́n bá ń ki tíúbù bọ inú táyà, kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣáájú kó má baà lọ́ po, kí wọ́n sì da páúdà díẹ̀ sínú táyà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n di nọ́ọ̀tì fáàfù mọ́ rímù pinpin. Bó bá wà lókè, lábẹ́ ìdérí, ẹ ó tètè rí i bí fáàfù bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó sì tún un ṣe kó tó já.

Torí náà, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sọ pé ti Boxer lẹ fẹ́ kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka nọ́ńbà táyà fún ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè bóyá butyl ni, kí ẹ tó mẹ́nu kan nínípọn. Kí ẹ sì yọ díẹ̀ nínú owó tí ẹ̀ bá fi ra èyí tó le jù lọ, kí ẹ fi ra gééjì tiyín. Èyí tó wù kí ẹ rà, gééjì yẹn ni yóò jẹ́ kó pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀kadà.